Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Bí ẹnìkan nínú ilé bá sọ pé òun rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí òun yàgbẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa Yorùbá: jẹ̀díjẹ̀dí. "Jẹ" àti "ìdí" la fi hun ún, ohun tó ń jẹ ìdí. Àwọn Hausa náà ní basir, wọ́n sì máa ń lò ó fún oríṣiríṣi ìnira inú àti ìdí bákan náà. Kíá, ìyá àgbà á ní àdídùn ló pọ̀ jù, bùọ̀dá á sì ya gáréèjì lọ ra àgbo. Ọkàn gbogbo wa á balẹ̀, nítorí àìsàn ti ní orúkọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́, ó sì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá lè sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó kan tí kò wọ́pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò gbọ́ rí: neuroendocrine tumour, tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí NET. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ìfun wa tó ń tú họ́mọ̀nù jáde láti darí bí oúnjẹ ṣe ń dà. Bí irú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìníjàánu, kókó yìí ni wọ́n ń dà.

Orúkọ ti tan àwọn dókítà pàápàá jẹ rí. Ní 1907, Siegfried Oberndorfer, dókítà ará Jámánì, pe irú kókó báyìí tó rí nínú ìfun kékeré ní "Karzinoide": ó jọ jẹjẹrẹ, àmọ́ kì í ṣe jẹjẹrẹ gan-an. Ní 1929, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn kan nínú wọn burú, wọ́n sì lè tàn ká ara. Síbẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ kò kú. Bí ẹ bá rí "carcinoid" lórí ìwé àyẹ̀wò, ẹ má kà á sí nǹkan kékeré kí ẹ tó béèrè.

Èyí tó bá wà ní ìpẹ̀kun ìfun ńlá, nítòsí ihò ìdí, kì í sábà dun ènìyàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni dókítà ń ṣèèṣì rí nígbà tó bá ń ṣe colonoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun. Ó máa ń jẹ́ kókó kékeré, tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ti ìyeyè. Èyí tó wà lókè, pàápàá lápá ọ̀tún ìfun ńlá, sábà máa ń tóbi kó tó hàn: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ènìyàn máa rù láìnídìí.

Kámẹ́rà nìkan kò tó láti dá a mọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, tí wọ́n ń pè ní Ki-67. Bí kò bá tó 3 nínú 100, ìpele kìíní ni. Láti 3 dé 20, ìpele kejì. Tó bá ju 20 lọ, ìpele kẹta, èyí tó ń yára dàgbà.

Ìwọ̀n àti ìpele yìí ló ń darí ìtọ́jú. Kókó ìsàlẹ̀ tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, tó sì wà ní ìpele kìíní, dókítà lè fi okùn kámẹ́rà yẹn kan náà gé e kúrò, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láàárín sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, wọ́n á ya àwòrán MRI kí wọ́n tó pinnu. Tó bá ju méjì lọ, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà lókè nínú ìfun ńlá. Tó bá ti tàn dé ẹ̀dọ̀, abẹ́rẹ́ octreotide tàbí lanreotide tí wọ́n ń gún lóṣooṣù lè dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró fún ìgbà pípẹ́. Oògùn mìíràn tún wà.

Mo mọ̀ pé owó colonoscopy kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n dókítà lè kọ́kọ́ wọ ibọ̀wọ́ kó fi ìka yẹ ìdí wò. Ìyẹn kò wọ́n, ó sì lè kan kókó tó wà nítòsí. Ẹ má tijú.

Bí wọ́n bá sì ti gé nǹkan kan jáde, ẹ padà lọ gba èsì, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Báwo ló ṣe tóbi tó? Ìpele wo ni? Ṣé wọ́n gé e tán? Ẹ tọ́jú ìwé náà sílé bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, nítorí dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún lè nílò rẹ̀.

Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ fúnra yín. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa wò ó.