Ẹ̀yin Tí Ojú Ń Ta, Ẹ Fi Ìpara Túùbù Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ojú máa ń gbóná bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á, tí irorẹ́ kéékèèké ń sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú yín lẹ́yìn tí ẹ ti lé ní ọmọ 30 ọdún, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè má jẹ́ irorẹ́ rárá. Àìsàn awọ ojú kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní rosacea.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé àìsàn òyìnbó ni, nítorí ara funfun ni pípọ́n rẹ̀ ti ń hàn kedere. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà máa ń fara sin; ojú á kàn ṣú sí i. Nítorí náà, ohun tí awọ ń sọ ni kí ẹ gbọ́. Ṣé ó máa ń gbóná lójijì tí ẹ bá mu tíì gbígbóná, tàbí tí oòrùn bá pa yín? Ṣé ọṣẹ tí ẹ ti ń lò tipẹ́ ti wá ń ta yín? Ṣé ẹyinjú ń rin yín bí ẹni pé yanrìn kó sí i? Ti ẹyinjú yìí, ẹ má fi ṣeré, ó lè ba ìríran jẹ́.

Ìpara inú túùbù ló ń dùn mí jù. Bí nǹkan bá ti yọ sójú, kẹ́míìsì la máa ń sáré lọ, wọn a sì ta èyí tó ní clobetasol tàbí betamethasone fún wa. Sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú á tutù, á dán, a ó sì máa yin ẹni tó júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ á yọ síta, bí a bá sì dáwọ́ dúró, gbogbo rẹ̀ á padà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kódà ẹni tí kò ní rosacea lè fi í fa ohun tó jọ ọ́ sójú ara rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì yìí kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lò ó tipẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀.

Rosacea kì í ràn. Ìdọ̀tí kọ́ ló fà á. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi kànìnkànìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọn á kàn bó ojú yín ni. Ọtí lè ru ú sókè, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí náà ń ní in. Ẹ yé fi imú tí àìsàn yìí mú wú pe ọmọlọ́mọ ní ọ̀mùtí.

Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, àmọ́ ó ṣeé kápá. Dókítà lè fún yín ní metronidazole tàbí azelaic acid láti fi pa ojú, tàbí doxycycline láti gbé mì. Aláboyún kì í lo doxycycline. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ́jú, ẹ lo ìpara adènà oòrùn tí kò dín ní SPF 30. Ẹ̀yin alákàrà, ẹ̀yin tí ẹ ń sun bọ̀lì, ooru iná lè ru àìsàn yìí sókè, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ ò lè fi iná sílẹ̀, oúnjẹ yín ni. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ojú bá ti ń gbóná.

Àwọn dókítà awọ wà ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ sì kó gbogbo túùbù tí ẹ ti lò dání.