Ẹ Gbójú Sókè Wo Iṣẹ́ Àwọn Àgùdà l'Ékòó

Ẹsẹ̀ ni mo fi rin Áílàńdì Èkó lọ́sẹ̀ yìí. A máa ń débẹ̀ nítorí ọjà, a kì í wòkè. Bẹ́ẹ̀ èbúté Èkó yìí làwọn Àgùdà gbà wálé láti oko ẹrú Brazil, bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti télọ̀ ló sì pọ̀ nínú wọn.

Mo bọ́ọ́lẹ̀ ní CMS, mo gba Marina, mo yà sí Kakawa. Ilé Omi ìdílé da Rocha wà níbẹ̀. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, kékeré ni wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ sí Bahia kó tó padà wálé. Omi kànga inú ilé yẹn ni wọ́n ń tà fáráàlú kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta píọ̀ wọ́tà, ọ̀gá yín rèé!

Tinúbú ló kù tó dùn mí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ilojo Bar wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ní 1956 ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wó o. Ìwé ò dá katapílà dúró: September 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Mi ò kúkú dá ẹbí onílé lẹ́bi tán. Ilé ogún tó ti gbó, tí àrọ́mọdọ́mọ pọ̀ nínú ẹ̀, ta ni yóò san owó àtúnṣe? Ilẹ̀ Áílàńdì sì wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n bíríkìlà wo ló tún máa rí iṣẹ́ yẹn wò kọ́ṣẹ́?

Mo bá kọjá sí Martins, níbi Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Ọ̀gá Àgùdà kan, João Baptista da Costa, àti Sanusi Aka, ọmọ ilẹ̀ wa, ni wọ́n jọ kọ́ ọ. Ọjọ́ 4 oṣù July 1894 ni wọ́n ṣí i. Mo bi ìyá aláṣọ kan níwájú ẹ̀ pé, "Màmá, ẹ kú ọjà, ta ló kọ́ ilé yìí?" Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ ni mò ń tà o."

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, àárọ̀ Sunday ló dáa, èrò kì í pọ̀. Ilé àdúrà ni o, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó wọlé.