Ọkọ̀ Kì Í Dédé Di Pàǹtí, Ẹni Tó Ni Ín Ló Pa Á Tì

Láì déènà pẹnu, ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Kàdúná yìí, a sì fẹ́ takò ó nínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogún ọdún, pàǹtí ni. Wọ́n ní òyìnbó gan-an kì í gun ọkọ̀ gbó. Pé bí ó bá ti lò ó fún ọdún mélòó kan, yóò tì í dànù, òun náà ni yóò wá di tòkunbọ̀ tí àwa ń rà. Kí ni tiwa tí a ó fi máa jókòó ti ọkọ̀ àgbà, tí a ó máa da owó lé e lórí?

Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé òyìnbó ń ti ọkọ̀ dànù. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ẹni tó ń tì í dànù náà wà níbẹ̀ tó ń gun ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1963, tó ń fi í rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tó sì ń fi í padà sílé. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn wa kì í sọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. MGB ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kékeré onílẹ̀kùn méjì, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bí òjò kò bá rọ̀. (Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òjò kì í wọ́n, wọn a máa ká a náà ni.) Ìlú Abingdon, lẹ́bàá Oxford, ni wọ́n ti ṣe é láti 1962 títí di 1980, èyí tí wọ́n sì ṣe jáde lé ní 500,000. Kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1,798 cc, ọmọ ìyá ni òun àti èyí tó wà nínú Austin Cambridge àti Morris Oxford, irú ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀ kí Peugeot tó gba ìgboro. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé irin tiwọn yàtọ̀. Irin MGB ń dípẹtà, kódà ó ń dípẹtà gan-an ni.

Ta wá ni kò jẹ́ kí ó parun? Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ́ o. British Leyland ló ni MG nígbà náà, Leyland kan náà tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, kété tí àwọn ará Abingdon ṣe àjọyọ̀ àádọ́ta ọdún MG tán, ni Leyland kéde pé àwọn yóò ti ibẹ̀ pa. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1980, wọ́n tì í. Ìjọba náà kò dá a dúró. Orúkọ MG ṣì wà lára ọkọ̀ títun lónìí, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ló ni ín.

Ẹgbẹ́ ló gba MGB là. Ẹgbẹ́ ni, bí irú tiwa yìí: ẹgbẹ́ tó ní owó oṣù, tó ní ìpàdé, tó ní akọ̀wé. Ọdún 1930 ni wọ́n ti dá MG Car Club sílẹ̀. MG Owners' Club dé ní 1973. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ju àwòrán aṣọ àti orúkọ àwọn alága ìjókòó lọ. Wọ́n ń kọ bí a ṣe ń to tápẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń mú kábúrétọ̀ méjèèjì mí bákan náà, àti ibi tí a ti lè rí ojúlówó sípéá. Nígbà tí wọ́n fòfin de epo olójé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, tí ẹ̀rù ń ba àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ló ti gbé àwọn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ epo lọ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n sì sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ èyí tó dára. Kò sí ẹni tó ń dá wàhálà tirẹ̀ jẹ nínú yàrá.

Ó tún kù. Ní 1988, British Motor Heritage bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara MGB títun jáde, odidi ara ọkọ̀, pẹ̀lú àwọn irin ìtẹ̀ tí wọ́n lò ní ayé ọjọ́sí, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ti Abingdon pa! Ilé-iṣẹ́ Rover wá tipa bẹ́ẹ̀ ṣe MG RV8 láàárín 1992 sí 1995, nǹkan bí 2,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì lọ sí Japan. Àwa tí a ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí fáìlì ìjọba sì mọyì èyí tó kàn yìí jù: wọ́n kó ìwé ilé-iṣẹ́ náà pamọ́ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní Gaydon. Bí ẹ bá ní MGB, ẹ lè kọ̀wé síbẹ̀ kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n tò ó fún yín, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde. Kàdúná yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975. Bí ẹ bá ní 504 tí wọ́n tò níbí, ta ni ẹ ó kọ̀wé sí?

Wọ́n á ní owó ni òyìnbó fi ń ṣe é. Owó ń bá a lọ, a kò jiyàn. Ẹlòmíràn ń ná ju iye tí ọkọ̀ náà tó lọ, a sì rí nínú wọn tó rà á tó sì fi bo aṣọ títí tí eku fi jẹ wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń ṣe. MGB kò ní ṣáásí lọ́tọ̀. Irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ ẹ́, ọkọ̀ yóò tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní í pa dé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ, yóò máa fi kan ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni panẹ́ẹ̀bítà fi dí i. Èló ni mágínẹ́ẹ̀tì? Ní gbogbo 3,000 máìlì, yóò fa gíríìsì sí ẹsẹ̀ iwájú. Èló ni gíríìsì? Bátìrì méjì oní-volt mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ìjókòó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, níbi tí ojú kì í tó, ó sì gbọ́dọ̀ rántí wò wọ́n.

Pọ́ọ̀ǹpù epo rẹ̀, oníná ni, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì wà. Nígbà mìíràn yóò kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ọlọ́kọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, yóò fi ìdí sípánà lù ú jẹ́jẹ́, ọkọ̀ á sì tún gbéra. Bí ó bá délé, yóò tú u, yóò fọ kọ́ńtáàtì inú rẹ̀ tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí àwa àti wọn ti pínyà gan-an nìyẹn. Ní tiwa, bí ọkọ̀ bá ti lè gbéra, ọ̀rọ̀ bùṣe, ó di ọjọ́ mìíràn lójú ọ̀nà Jẹ́bà ní òru.

Wọ́n á tún ní ọ̀nà wọn dára. Ní àríwá Scotland, ọ̀nà yípo kan wà tí wọ́n ń pè ní North Coast 500 láti 2015. 516 máìlì ni, bí 830 kìlómítà. Òkè kan wà níbẹ̀, Bealach na Bà, tó ga ní 626 mítà, ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ bí ejò, tí ọkọ̀ kan ní láti dúró kí èkejì tó kọjá. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń gùn ún. Rédíétọ̀ tí kò mọ́ tàbí bíréèkì tí kò mú kò lè dé orí òkè yẹn kó sì sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Láti oṣù karùn-ún 2018 ni ìjọba wọn ti yọ̀ǹda pé ọkọ̀ tó lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò yí padà púpọ̀, kò pọn dandan kó lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́. Síbẹ̀ bí ó bá jáde sójú títì láìpé, òfin yóò mú ẹni tó ń wà á. Nítorí náà wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra MGB wá sí Kàdúná o. Kòtò kan péré ni yóò gba gbogbo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa la ń bọ̀ wá sọ.

Bọ́ọ̀sì yẹn ló ti ń gbé òkú àwọn ènìyàn wa lọ sílé, òun ló ń kó ìdílé tí kò ní ọkọ̀ lọ fún Kérésìmesì àti Iléyá. Láti ìgbà tí ó ti dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn, inú ọkọ̀ èrò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ipò táyà rẹ̀ ni àwọn opó àti ọmọdé wa ń wọ̀. Àwọn kan ti wá dábàá pé kí a ta á fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù, kí a sì bu owó lé ìdílé kọ̀ọ̀kan láti ra tòkunbọ̀. A kò fara mọ́ ọn. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kí a tó bọ́ọ̀dù ọkọ̀, ó yẹ kí ìwé àyẹ̀wò wà. Èwo ni ti bọ́ọ̀sì yìí? Ta ló yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò? Lọ́ọ̀gì-búùkù rẹ̀ dà? Mẹkáníìkì wà nínú ẹgbẹ́ wa, ríwáyà wà, panẹ́ẹ̀bítà wà, oúnjẹ ni a máa ń bù fún wọn ní ọjọ́ ayẹyẹ, a kì í bi wọ́n ní ohunkóhun.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akápò. Kí ó mú un wá sí ìpàdé oṣù kìn-ín-ní, kí mẹ́ta nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo ilé, kí wọ́n wo rédíétọ̀, bíréèkì àti irin abẹ́ rẹ̀, kí akọ̀wé sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, àwa kò ní san kọ́bọ̀ nínú owó tòkunbọ̀ náà.