Bí Àwọn Sójà Bá Ń Fi Ààtàn Tanná, Ẹ Má Ra Jẹnẹrétọ̀ Míì fún Màmá Ìbàdàn

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ nínú ẹbí wa báyìí. Jẹnẹrétọ̀ Màmá Ìbàdàn, ìyẹn ìyá dádì mi, ti ń dákú. Dádì mi àti àwọn àbúrò wọn ń dá owó jọ lórí WhatsApp kí wọ́n lè ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ kí ó tó di Kérésìmesì. Èmi wá sọ pé kí wọ́n má ra jẹnẹrétọ̀ mọ́, sólà ni kí wọ́n rà. Àǹkù mi kan dáhùn pé, "Kí ni ọmọ Atlanta mọ̀ nípa iná Nàìjíríà?"

Òótọ́ ni. Mi ò mọ púpọ̀ nípa iná Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nípa iná ibì kan ní Georgia níbí, mo sì rò pé ó kan Màmá Ìbàdàn. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Àǹtí mi kan ń gbé ní Albany. Kì í ṣe Albany ti New York o, Albany ti Georgia ni, ó tó wákàtí mẹ́ta sí ilé wa tí a bá wa mọ́tò lọ. Bárékè ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Marine Corps Logistics Base Albany. Iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú ọkọ̀ àti irinṣẹ́ àwọn sójà Marine, kí wọ́n tún wọn ṣe, kí wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí wọ́n bá ti nílò wọn. Nígbà tí tíṣà sáyẹ́ǹsì wa ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa wá ibì kan ní Georgia tó ń ṣe iná fúnra rẹ̀, bárékè yẹn ni mo mú, torí pé a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn kọjá tí a bá ń lọ kí àǹtí mi.

Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n kéde pé bárékè yìí ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo bárékè Amẹ́ríkà tó dé ipò tí wọ́n ń pè ní Net Zero. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: tí ẹ bá ṣírò iná tí wọ́n lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, iná tí wọ́n ṣe láti ara ohun tí kì í tán tó o, tàbí kó tilẹ̀ jù ú lọ.

Níbo ni wọ́n ti ń rí iná náà? Ẹ má rẹ́rìn-ín o: nínú ààtàn ni. Ààtàn ńlá kan wà tí ìjọba Dougherty County ń da ilẹ̀ ìlú sí. Tí oúnjẹ, bébà àti ewé bá ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, gáàsì kan máa ń jáde lára wọn tó ń jẹ́ methane. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀, á gòkè lọ, á sì máa mú ayé gbóná. Agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó ju 25 lọ. Àwọn sójà bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n fi páìpù fa gáàsì náà wá sí bárékè, wọ́n sì fi ń yí ẹ́ńjìnì tó ń ṣe iná. Ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2011, megawatt 1.9 ni. Ooru tó ń jáde lára ẹ́ńjìnì náà, wọn ò jẹ́ kó ṣòfò. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ́ńjìnì kejì kún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá Ìbàdàn lórí fóònù, wọ́n ní, "Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Mi ò mọ̀ pé ó lè tanná!"

Lẹ́yìn ààtàn, wọ́n tún wo ilé aládùúgbò. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe bébà wà nítòsí bárékè. Wọ́n kọ́ ibì kan síbẹ̀ tí wọ́n ti ń jó ẹ̀ka igi, ìyẹ̀fun pákó àti èèpo ẹ̀pà, torí pé ẹ̀pà pọ̀ ní apá Georgia yẹn bí àgbàdo. Omi á hó, ooru omi náà á lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe bébà, apá kan á sì lọ sí bárékè láti yí ẹ̀rọ tó ń ṣe iná megawatt 8.5. Èèpo ẹ̀pà o! Ohun tí a máa ń gbá dànù.

Àwọn ilé wọn ńkọ́? Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gbẹ́ ọ̀pọ̀ ihò jíjìn sínú ilẹ̀, wọ́n sì ki páìpù omi bọ̀ wọ́n. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń tọ́jú òtútù pa mọ́ sínú ilẹ̀. Tó bá di ìgbà ooru, omi á lọ gbé òtútù yẹn wá láti fi mú ilé tutù. Ooru tí wọ́n kó kúrò nínú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, ilẹ̀ á gbà á, wọ́n á sì lò ó nígbà òtútù. Nígbà tí mo kà á, àmù Màmá Ìbàdàn ni mo rántí. Àmù náà kò ní wáyà, kò ní bátìrì, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ tutù ju omi ẹ̀rọ lọ. Ọgbọ́n wọn ò rí bákan náà tán, ṣùgbọ́n méjèèjì ń lo ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pe iná.

Ẹ lè rò pé torí igi àti ẹyẹ nìkan ni àwọn sójà ṣe ń ṣe é. Rárá. Ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní ọdún 2017, ìjì ààjà tí wọ́n ń pè ní tornado jà ní Albany. Ó pa èèyàn, ó wó ilé, ó sì ba nǹkan jẹ́ nínú bárékè náà. Nígbà yẹn, mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Àǹtí mi sọ pé iná lọ nílé wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, gbogbo ẹran inú fíríìsà bàjẹ́, abẹ́là ni wọ́n ń tàn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjì Michael tún dé. Tí wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bá já, ẹni tí iná rẹ̀ wà nílé rẹ̀ ló máa ríran.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì bi mí pé, "Ṣé ẹni tó ń tún ọkọ̀ ogun ṣe ló máa kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ayé?" Mo ro ìbéèrè yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ iná kò lè sọ ogun di ohun rere. Èéfín náà kò sì tíì tán, torí wọ́n ṣì ń jó gáàsì, wọ́n ṣì ń jó igi. Ṣùgbọ́n àwọn sójà kì í fẹ́ kí iná àwọn kú rárá. Wọ́n lówó láti ra díẹ́sẹ̀lì. Bí irú wọn bá wá ń wá iná lọ sínú ààtàn, ó yẹ kí àwa náà bi ara wa pé kí ni wọ́n rí?

Ohun tí mo rò pé wọ́n rí ni pé epo, ẹlòmíì ló ń gbé e wá. Tí kò bá dé, ó tán. Tí owó rẹ̀ bá gun òkè, o ò lè ṣe nǹkan kan.

Ìyẹn ló ń ṣẹlẹ̀ sí Màmá Ìbàdàn. Kérésìmesì tó kọjá, a lọ kí wọn. Tí NEPA bá ti mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour". Ẹ̀yìn fèrèsé yàrá wọn gan-an ló wà, torí olè. Èéfín ń wọlé. Orí ń fọ́ mi, màmá sì ń wúkọ́. Gáàsì burúkú kan wà nínú èéfín yẹn, carbon monoxide, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ wá fẹ́ ra èyí tó tóbi jù ú lọ fún wọn?

Dádì mi ní sólà wọ́n, bátìrì máa ń kú, oòrùn kì í sì í ràn dáadáa lásìkò òjò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo wá mú bébà, mo ní ká ṣírò. Lítà márùn-ún ni màmá ń rà ní ọjọ́ méjì méjì. Lọ́dún kan, ó ju lítà 900 lọ! Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó lítà kan ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ̀ẹ̀kan là ń ra sólà, ṣùgbọ́n epo, títí ayé ni. Àǹkù mi tó ní mi ò mọ Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo Nigerian Defence Academy ní Kaduna. Àwọn náà ti ní sólà pẹ̀lú bátìrì. Sójà ni àwọn náà.

Ẹ̀yin òbí wa, mi ò ní kí ẹ gbẹ́ ihò tàbí kí ẹ fa páìpù sí ààtàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: tí ẹ bá fẹ́ fowó jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí sólà kékeré jẹ́, èyí tó lè tan gílóòbù, fáànù àti fíríìjì. Ẹ ṣírò owó epo ọdún mẹ́ta mọ́ ti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ wá fi wọ́n wéra. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá wọn ṣírò, a kúkú ń ṣe mátí nílé ìwé.

Dádì mi ti fi ìṣírò mi sórí WhatsApp ẹbí. Àǹkù mi ò tíì sọ pé mo gba ìdánwò. Ṣùgbọ́n lánàá, wọ́n béèrè iye tí bátìrì jẹ́.