Kọ́bọ́ọ̀dù Ìsàlẹ̀: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Ní Treichville, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ òpópónà, kì í ṣe orúkọ. Orí erékùṣù ni àdúgbò náà wà nílùú Abidjan. Ọ̀kan lára ohun tó so ó mọ́ Plateau, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ńlá pọ̀ sí, ni afárá Houphouët-Boigny tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò níbẹ̀, débi pé àwọn onílùú ti fún wọn lórúkọ: Ànàgó. Ọjà tóbi, èrò pọ̀, ṣùgbọ́n ilé há. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ tí gbogbo yàrá dojú kọ àgbàlá kan ṣoṣo, ìta ni wọ́n ti ń dáná. Nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, inú ni ilé ìdáná wà, àmọ́ bí èèyàn méjì bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní láti jáde kí èkejì tó yípo.

Irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ni ti ìyàwó ilé kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Treichville. Òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ni wọ́n jọ ń gbé. Abẹ́ pẹpẹ tí wọ́n gbé sítóòfù gáàsì lé ni kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ wà, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, gbogbo ẹrù ilé ìdáná ló sì wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá láti Èjìgbò fẹ́ ro àmàlà.

“Ìyàwó mi, èlùbọ́ dà?”

“Ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, Màmá, lẹ́yìn àwọn ìkòkò.”

Màmá kúnlẹ̀, ó ń kó ẹrù jáde. Ìkòkò mẹ́rin tó wọnú ara wọn ló kọ́kọ́ jáde, ọmọrí mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àpò ìyọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti já gbogbo wọn. Èlùbọ́ jáde kẹ́yìn, kòkòrò sì ti sọ ọ́ di ilé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wà, omi funfun kún inú rẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Omi javel ni. Mo kàn dà á síbẹ̀ ni.”

Màmá wo ìgò náà, ó wo àbíkẹ́yìn ọmọ wọn, ẹni ọdún mẹ́rin, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí oúnjẹ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé ìgò náà sórí fèrèsé, ó sì ń kó ẹrù jáde lọ.

Kí ló dé tí ẹrù fi ń sọnù síbẹ̀?

Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ìyàwó ilé yẹn. Bí wọ́n ṣe kan kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ló fa á. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn jìn tó nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, orí rẹ̀ sì ga tó 85 sí 90 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Gíga yẹn dára fún ẹni tó dúró tó ń gé ẹ̀fọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, kó sì na ọwọ́ wọnú òkùnkùn. Ohun tó wà níwájú nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Ohun tí ojú kò rí, ọkàn á gbàgbé rẹ̀, ọwọ́ á sì tún lọ ra òmíràn lọ́jà. Báyìí ni ìyọ̀ ṣe di mẹ́ta, tí èlùbọ́ owó iyebíye sì di oúnjẹ kòkòrò. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Àtúnṣe rẹ̀, nígbà náà, kì í ṣe kí ẹrù tó pọ̀ sí i lè wọ ibẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ohun tó wà lẹ́yìn máa bá ọwọ́ wá síwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn mìíràn rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé wọ́n gan-an ní Jámánì, ìjọba ìlú Frankfurt sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́dún 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan, Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé ìdáná kan fún wọn tí kò gùn ju nǹkan bíi mítà 3.4 lọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò sì tó mítà méjì. Ó wo bí àwọn alásè ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí àyè ti há tí oúnjẹ sì ń jáde. Ó ka iye ìṣísẹ̀ tí obìnrin ń gbé láàárín iná, omi àti oúnjẹ. Ohun tó wá ṣe ni pé ó kan àwọn àpótí kéékèèké tó ṣe é fà jáde, ó kọ orúkọ ohun tó wà nínú wọn sí wọn lára: ìrẹsì, ṣúgà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi ẹgbàárùn-ún (10,000) ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ sí Frankfurt. Kò fi kún àyè. Ó mú kí gbogbo ohun tó wà nínú àyè náà máa jáde wá bá ẹni tó ń dáná.

Kí wọ́n tó pe káfíńtà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kó gbogbo ẹrù jáde sílẹ̀, kí kọ́bọ́ọ̀dù ṣófo pátápátá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín ẹrù náà sọ́nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, àti èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún tàbí ìkómọjáde nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìrẹsì ayẹyẹ kò ní iṣẹ́ kankan níwájú. Ẹ̀yìn pátápátá ni àyè rẹ̀, tàbí abẹ́ ibùsùn. Ọmọrí tí kò ní ìkòkò àti ìkòkò tó ti lu, kí wọ́n kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ìyàwó ilé wa yìí ṣe bẹ́ẹ̀, ó wá pe káfíńtà, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kan òmíràn sí i. Èyí ti kún.”

Ọkùnrin náà fi tépù wọn inú rẹ̀. “Kò tíì kún, ìyàwó wa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kún, òkè rẹ̀ ṣófo. Ẹ wo àlàfo yìí.”

Òótọ́ ló sọ. Láàárín orí àwọn ìkòkò àti àjà kọ́bọ́ọ̀dù, àyè tó tó 30 sẹ̀ǹtímítà ló wà níbẹ̀ lásán. Pẹpẹ kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì jíjìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn, ti tó láti gba àwo àti agolo. Nítorí pé ìdajì ni, kò ní bo ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú yóò sì rí méjèèjì.

Ohun kejì ni ohun tó ṣe é fà. Ẹni tó lówó lè ní kí káfíńtà yọ ilẹ̀kùn méjì, kó kan àpótí fífà mẹ́ta síbẹ̀ lórí irin tó ń yọ̀, èyí tó jinlẹ̀ jù nísàlẹ̀ fún ìkòkò, èyí tí kò jìn lókè fún ṣíbí àti ọ̀bẹ. Ẹni tí kò lówó, tàbí tó jẹ́ ayálégbé tí onílé kò ní jẹ́ kó kan ìṣó, lè ra agbọ̀n oníke gígùn mẹ́ta lọ́jà. Kó kọ́kọ́ wọn inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí agbọ̀n má baà gùn jù tí ilẹ̀kùn kò ní lè pa dé. Agbọ̀n kan fún gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì. Ọ̀kan fún agolo tòmátì, ìyọ̀ àti ata gbígbẹ. Ọ̀kan fún àlùbọ́sà, kí ihò wà lára rẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bí ó bá fa agbọ̀n jáde, ẹ̀yìn ti di iwájú nìyẹn. Kò tún ní kúnlẹ̀ pẹ́, orúnkún àwọn ìyá àgbà yóò sì sinmi.

Ọmọrí ìkòkò kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá to wọn dúró bí ìwé, yálà nínú irin tí wọ́n fi ń gbẹ àwo tàbí lára okùn tí wọ́n na sínú ilẹ̀kùn, àyè ìkòkò kan ni mẹ́fà yóò gbà. Inú ilẹ̀kùn náà lè gba ìkọ́ fún ìgbálẹ̀ kékeré àti aṣọ ìnuwọ́. Ní ti kọ̀rọ̀ tí kọ́bọ́ọ̀dù méjì ti pàdé, òkùnkùn rẹ̀ ló ga jù. Ibẹ̀ ni odó kékeré, ọlọ àti ìkòkò ayẹyẹ yẹ kó wà, nítorí wọn kì í bàjẹ́, wọn kì í sì í sọnù.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀

Ìgò tí Màmá gbé sórí fèrèsé ló mú ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ àyè. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ni ojú ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin tó. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Tó bá rí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló máa pè é. Nítorí náà, omi javel, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí jíìkì ní Nàìjíríà, kẹrosíìnì, oògùn aáyán àti oògùn eku kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìgò tí wọ́n tà wọ́n, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Pẹpẹ òkè tó ní kọ́kọ́rọ́ ni àyè wọn.

Bí ọmọ bá sì gbé e mu, kí wọ́n má ṣe fipá mú un bì. Ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Kẹrosíìnì tiẹ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ bí ọmọ bá ń bì í, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe jàǹbá jù. Epo pupa tí wọ́n máa ń sáré rọ sí ọmọ lẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rọ̀, ó lè mú un bì ni. Kí wọ́n nu ẹnu ọmọ, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Sílíńdà gáàsì náà kò yẹ kó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó pa dé, yálà B6 ni tàbí B12, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Abidjan. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, kì í gòkè lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò atẹ́gùn, yóò dúró níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi ṣá ìṣáná. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí wọ́n gbé e dúró sí, lóòró.

Omi àti eku

Lóṣù May sí July, òjò máa ń rọ̀ gan-an ní Abidjan, ọ̀rinrin ọ̀sà sì ń wọlé. Pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀ máa ń wú bí omi bá kàn án. Abẹ́ síńkì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe kó oúnjẹ sábẹ́ síńkì rárá, kí wọ́n sì máa fọwọ́ kan páìpù ibẹ̀ lóṣooṣù kí wọ́n lè mọ̀ bó bá ń jò. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bá ti bu, kí wọ́n dà á nù. Ẹni tó bá bu ún kúrò lójú kó tó jẹ ìyókù ń tan ara rẹ̀ ni, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kì í kúrò nípa sísè.

Eku ń gba ihò tí páìpù gbà wọlé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí ibà Lassa ń gbà ran èèyàn, àrùn tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú kan ní Borno lọ́dún 1969. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láti dí ihò náà, àti ike tó ní ọmọrí tó le fún gàrí àti ìrẹsì, kò wọ́n tó owó ilé ìwòsàn.

Ìyàwó ilé ti Treichville kò kan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Pẹpẹ ìdajì méjì, agbọ̀n mẹ́ta àti ìkọ́ mẹ́rin ló ná owó lé. Kí Màmá tó padà sí Èjìgbò, ó tún béèrè èlùbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn ló dá a lóhùn, ó sì fa agbọ̀n náà jáde fúnra rẹ̀. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́ tó lè pa á lára.