Ajá Ńlá, Bùkátà Ńlá

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko dáadáa yóò gbà pé ajá ti kúrò ní ẹran tí a kàn ń ju egungun sí. Oníṣòwò tó ní ìsọ̀ ní ọjà Alaba, olùkọ́ tó kọ́lé sí ìtòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, gbogbo wọn ń fẹ́ ajá tí olè yóò rí tí yóò sá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ra Boerboel ti ilẹ̀ South Africa, Great Dane ti ilẹ̀ Jámánì, àti Caucasian onírun ṣùkùṣùkù. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ra ajá kì í ṣe òpin ìnáwó. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni.

Ajá ìbílẹ̀ wa kì í sábà tó kílò 25. Akọ Boerboel lè wọn kílò 70, bí àgbàlagbà ọkùnrin. Kí olùkọ́ tó ń retí owó oṣù kọ́kọ́ jókòó ṣírò oúnjẹ rẹ̀. Ajá tí ebi ń pa kì í ṣọ́ ilé. Ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò ni yóò máa ṣọ́.

Nígbà tó bá wà ní ọmọ, àwọn kan á máa rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu kó lè tètè tóbi, wọn á tún máa lọ egungun tàbí fún un ní oògùn calcium. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ń lo ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kó tó dàgbà tán. Bí a bá fipá mú un sanra, ara yóò wúwo ju egungun lọ. Calcium àpọ̀jù sì ń ba egungun ọmọ ajá jẹ́, ẹsẹ̀ á wọ́. Oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ńlá ló dára jù. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ fún un, kó fi ẹja tàbí ẹran sí ìrẹsì, kó má fi àlùbọ́sà sí i, nítorí májèlé ni fún ajá. Egungun adìẹ tí a ti sè náà ń fọ́ sínú ajá, ó sì ń gún un nífun.

Ẹ má ṣe fún àgbà ajá ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má sì jẹ́ kó máa sáré kiri lẹ́yìn oúnjẹ. Ikùn ajá ńlá lè kún fún afẹ́fẹ́ kó sì yí po nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i tí ikùn le bí ìlù, tí itọ́ ń dà, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde. Èyí kì í ṣe ohun tí à ń fi epo pupa wò. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e sáré lọ, ìbáà ṣe òru, nítorí iṣẹ́ abẹ ló lè gbà á.

Nípa ọjọ́ orí ńkọ́? Ajá kékeré lè lo ọdún 12 sí 15. Great Dane kì í sábà ju ọdún 7 sí 10 lọ. Bó bá ti ń lọ sí ọdún 6, àgbà ti dé sí i: yóò máa tiro, dídìde yóò sì nira. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ sórí sìmẹ́ǹtì fún un, ẹ dín ọ̀rá rẹ̀ kù, ẹ má sì fún un ní ibuprofen tí ẹ rà ní kẹ́místì, nítorí ó ń pa ajá. Ẹ má sì lé e síta torí pé ó ti darúgbó. Ẹni tó ṣọ́ wa lóru kò yẹ ní ẹni à ń jù sí títì.

Èyí tó ga jù ni dìgbòlugi. Bí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ gba abẹ́rẹ́ fún un, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí níhìn-ín. Bí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de àgbo. Bí àìsàn yìí bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tó yè é.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí yóò bá ra ajá ńlá, kó ra ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.