Owó tí Wọ́n Ní Àwọn Fi Pamọ́

Àwọn kan ń yin àwọn aláṣẹ ológun Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ṣọ́wó ná ní ọdún 1909. Èmi kò lè bá wọn yìn ín.

Samuel Cody, ọmọ Amẹ́ríkà, eléré orí ìtàgé ni. Òun ni ó na aṣọ ńláńlá sára igi, tí ó fi okùn dè wọ́n, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn ròkè pẹ̀lú ènìyàn, kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀tá. Àwọn ológun gbà á síṣẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1908, ní Farnborough, ó fò nínú ọkọ̀ òfuurufú tí òun tìkára rẹ̀ kàn fún wọn. Ìfò náà kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bí ó ti ń yà fún igi, ọkọ̀ fọ́. Ìfọ́ yìí ni àwọn ayinni wọ̀nyí ń nà sí wa! Ọmọ wo ni ó ha rìn láìkọ́kọ́ ṣubú? Nítorí nǹkan bí £2,500 tí wọ́n ti ná, wọ́n já a sílẹ̀.

Cody kò káwọ́ lérí. Ó ń kan ọkọ̀ lọ láìgba owó wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1912, àwọn aláṣẹ kan náà pe ìdíje ọkọ̀ ogun sí Larkhill. Ta ni ó borí? Ẹni tí wọ́n lé ni, £5,000 ni wọ́n sì kà fún un. Lóòótọ́, B.E.2 tí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe, tí a kò jẹ́ kí ó díje, dára ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a kọ iṣẹ́ ní £2,500, kí a tún wá san ìlọ́po méjì rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kan náà, ìṣọ́wóná wo ni ìyẹn?

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1913, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ lójú òfuurufú, ó sì kú. Wọ́n sin ín ní Aldershot pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ológun, èyí tí kò ná wọn ní púpọ̀.